Ẹ Yí Ẹ̀yìn Sídíì Náà Wò Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó: Ìbéèrè Yín Lórí Orin Rock 'n' Roll Àtijọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti fẹnu bà á lójú ìwé yìí pé mò ń kó àwọn sídíì tí wọ́n ṣa orin rock 'n' roll ayé 1950 sí jọ, lẹ́tà ò jẹ́ n rímú mí mọ́. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kan ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo mú, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú, ẹ má bínú.

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ra sídíì kan tó ní ọgbọ̀n orin, Chuck Berry, Little Richard àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, fọ́tò ìgbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́ ló wà níwájú ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo gbé e sí i, ohùn yẹn ò jọ èyí tí mo mọ̀ nínú rédíò rárá. Ọkọ mi ní etí mi ló ń tàn mí. Ṣé lóòótọ́ ni?

Etí yín ò ṣe nǹkan kan. Ẹ bá mi kí bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ jàre.

Olórin yẹn náà ló kọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èyí tó kọ lọ́jọ́ tí orin náà fi gbòde. Ó tún un kọ ni, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìgbà míì lẹ́yìn ogún ọdún, ní sítúdíò míì, pẹ̀lú onílù míì, fún ilé iṣẹ́ míì. Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ tó gbé àwo jáde ló ni téèpù tí wọ́n gba ohùn sí, olórin kọ́ ló ni ín. Tí olórin bá wá kúrò níbẹ̀ lọ síbòmíì, kò lè gbé orin ẹ̀ dání lọ, ilé iṣẹ́ tuntun á wá ní ó dáa, wá tún gbogbo ẹ̀ kọ fún wa káwa náà ní tiwa. Chuck Berry kúrò ní ilé iṣẹ́ Chess ní Chicago lọ sí ti Mercury, nígbà tó di 1967 wọ́n gbé àwo kan jáde níbẹ̀ tó kún fún orin tó ti kọ fún Chess tẹ́lẹ̀. Little Richard ṣe é fún Vee-Jay ní 1964 lẹ́yìn tó ti kúrò ní Specialty, Everly Brothers ṣe é fún Warner lọ́dún yẹn kan náà, Jerry Lee Lewis náà ṣe é fún Smash lẹ́yìn tó kúrò ní Sun. Mi ò bá ìkankan wí nínú wọn o, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, owó tí wọn ò sì rí níbi àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Ẹni tó ń dùn mí ni ẹni tó mú téèpù àtúnkọ yẹn, tó lẹ fọ́tò 1956 mọ́ ọn níwájú, tó wá dákẹ́.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí. Ilé iṣẹ́ kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ni mo rà lọ́wọ́ ẹ̀, sídíì méjì nínú páàkì kan, mo ti ń retí ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó dé, alẹ́ ni, mo pa iná, mo jókòó, mo ní kí n gbọ́ Tutti Frutti dáadáa. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó yẹ kí n gbọ́: lóṣù September 1955 ni wọ́n gba orin yẹn sílẹ̀ ní sítúdíò Cosimo Matassa ní New Orleans, yàrá kékeré kan, Earl Palmer ló ń lu ìlù, àwọn tó ń fun sàksófóònù ò jìnnà sí i, gbogbo ẹ̀ wá ń ya wọ inú ara wọn, ohùn Little Richard á wá gba àárín wọn kọjá bí ẹni já ilẹ̀kùn wọlé. Èyí tí mo gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìlù wà lápá òsì lọ́tọ̀, gìtá wà lápá ọ̀tún lọ́tọ̀, ohùn wà láàárín tó mọ́ tónítóní, tí ò sì gbóná rárá. Mo tan iná, mo wọ gíláàsì, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ àwọn ilà dúdú tí wọ́n fi ń sọ iye owó fún ẹ̀rọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní lẹ́tà tí ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ pé àwọn olórin náà ló tún orin wọ̀nyí kọ. Inú bí mi débi pé mi ò lè sùn.

Torí náà, ẹ̀yìn sídíì ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ wò, ẹ fi iwájú sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí "re-recorded" níbì kankan, ẹ ti mọ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá kọ "original artists", ẹ ṣọ́ra, torí ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé olórin náà ló kọ ọ́, kò sọ pé èyí tó kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. "Original recordings" lẹ ń wá. Èyí tó tún dáa jù ni kí wọ́n to orúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbé orin kọ̀ọ̀kan jáde àti ọdún tó jáde sí iwájú orin náà, ẹni tó bá ń fi àtúnkọ tà kì í fẹ́ kọ irú ẹ̀ síbẹ̀.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra headphone tó dáa, owó gidi ni mo ná sí i, mo gbé sídíì Buddy Holly sí i, gbogbo ẹ̀ kàn wá dúró sí àárín orí mi. Ṣé sídíì yẹn ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́ o àbúrò mi, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Mónò ni, ìyẹn ni pé ohùn kan náà ló ń jáde ní etí méjèèjì. Ọdún 1958 ni àwo sítẹ́ríò, èyí tó ń pín ohùn sápá òsì àti ọ̀tún, tó wọ ọjà ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ orin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ti jáde kó tó dìgbà yẹn, kódà lẹ́yìn ẹ̀ náà, àwo 45 kékeré tó ń yí ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, táwọn ọ̀dọ́ ń rà, mónò ló ṣì ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ nígbà yẹn, mónò ni wọ́n fi etí gbọ́, mónò ni wọ́n fi wọn ohùn mọ́ ìlù, wọ́n mọ̀ pé inú rédíò mọ́tò àti ẹ̀rọ ẹlẹ́nu kan ni yóò ti máa dún. Kì í ṣe àléébù rárá, ẹ jẹ́ ká yé máa pè é bẹ́ẹ̀.

Èyí tó jẹ́ àléébù ni sítẹ́ríò ayédèrú. Nígbà tí sítẹ́ríò dé, àwọn ilé iṣẹ́ ò fẹ́ kí orin wọn tó jẹ́ mónò kú sọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ pín in: wọ́n á ju ohùn tó rinlẹ̀ sápá kan, wọ́n á ju èyí tó há sápá kejì, wọ́n á sì dá apá kan dúró díẹ̀ kó má bàa bá ìkejì dé pọ̀. Capitol pe tiwọn ní Duophonic, RCA náà ṣe tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fi headphone yín gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ́ rí i pé bẹ́ẹ̀sì ń dún ní etí kan bí ẹni ń kanlẹ̀kùn nínú ilé kejì, ohùn olórin sì ń wúkọ́ ní etí kejì, kò sì sí ẹnikẹ́ni láàárín. Ó ba ni lọ́kàn jẹ́. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé téèpù ayédèrú yẹn ṣì wà nínú àká wọn, àwọn kan sì ń mú un ṣe sídíì títí dòní torí òun ló súnmọ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá rí "mono" lẹ́yìn sídíì orin 1957, kí inú yín dùn ni, ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wa, kí ló dé tí mo ra sídíì tí wọ́n ní gbogbo orin Sun Records tó dáa jù ló wà níbẹ̀, mi ò wá rí Elvis?

Torí wọ́n ti tà á ni. Sam Phillips tó ni Sun ní Memphis ló kọ́kọ́ gba ohùn Elvis sílẹ̀ láti fi gbé àwo jáde, lóṣù July 1954, àmọ́ nígbà tó di November 1955 ó ta kọ́ńtíráàtì ẹ̀ fún RCA ní 35,000 dọ́là, àwọn téèpù náà sì bá a lọ. RCA wà lọ́wọ́ Sony báyìí, Sun fúnra ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ Primary Wave láti 2021. Ẹni tó bá fẹ́ kó Elvis àti Carl Perkins tóun náà kọrin fún Sun sínú sídíì kan ṣoṣo ní Amẹ́ríkà, ẹnu ọ̀nà méjì ló máa kàn, láísẹ́ǹsì méjì, ìyẹn owó àṣẹ, ló máa san. Bó ṣe rí fún gbogbo wọn nìyẹn: Chess wà lọ́wọ́ Universal, Atlantic wà lọ́wọ́ Warner, Specialty wà lọ́wọ́ Concord. Tẹ́ ẹ bá rí sídíì ọgbọ̀n orin tí gbogbo wọn pé síbẹ̀ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tó péye, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan jókòó kọ lẹ́tà títí ọwọ́ fi ro ó.

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo rí páàkì kan láti Yúróòpù, sídíì mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún orin, owó ẹ̀ ò tó ti sídíì kan ṣoṣo láti ilé iṣẹ́ Bear Family. Ọ̀rẹ́ mi ní olè ni wọ́n. Ṣé kí n rà á?

Olè kọ́ lójú òfin ibẹ̀. Ní Yúróòpù, àádọ́ta ọdún ni òfin fi ń dáàbò bo tẹ́lẹ̀ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, látọdún tó bá jáde. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí àádọ́rin, òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù November 2013, ṣùgbọ́n èyí tó ti bọ́ lábẹ́ òfin tẹ́lẹ̀ kò padà síbẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé orin tó jáde títí dé ìparí 1962, ẹnikẹ́ni ló lè fi ṣe sídíì níbẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ni téèpù, owó ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin nìkan ló kù tí wọ́n gbọ́dọ̀ san. Ẹ wá wò ó, gbogbo orin rock 'n' roll ìbẹ̀rẹ̀ ló bọ́ sínú ẹ̀ pátá! Ìdí tí ọjà yẹn fi kún fún sídíì olówó pọ́ọ́kú nìyẹn.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 sọ pé ohùn tó jáde láàárín 1947 sí 1956, àádọ́fà ọdún ni, ìyẹn 110, torí náà orin 1955 wà lábẹ́ ààbò títí 2065 á fi parí, àwọn tó jáde lẹ́yìn 1956 títí dé February 1972, ó di February 2067. Sídíì kan náà tó bófin mu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè má bófin mu ní New York.

Ṣé kẹ́ ẹ rà á? Ẹ jẹ́ n sọ ọkàn mi. Ìbéèrè tèmi kì í ṣe ti òfin, ibo ni wọ́n ti rí ohùn yẹn ni mo máa ń bèèrè. Àwọn tó ṣe ọgọ́rùn-ún orin yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò débi téèpù rí láyé wọn. Sídíì tí ẹlòmíì ti ṣe ni wọ́n gbé sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n dà á kọ, wọ́n tún gbé ohùn ẹ̀ sókè kó lè pariwo, ó parí. Ẹni tí wọ́n dà kọ yẹn sì lè ti lo oṣù mẹ́fà láti wá téèpù orin kan ṣoṣo. Bear Family tẹ́ ẹ dárúkọ, Richard Weize ló dá a sílẹ̀ ní Jámánì ní 1975, tẹ́ ẹ bá ṣí páàkì wọn, ìwé ló wà nínú ẹ̀, ìwé gidi, ọjọ́ tí wọ́n gba orin sílẹ̀, ẹni tó ta gìtá, ẹni tó lu píánò, fọ́tò téèyàn ò rí rí. Ace ní London náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, Rhino ní Los Angeles ṣe é gan-an nígbà tiwọn. Tí owó ò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ ra olówó pọ́ọ́kú yẹn kẹ́ ẹ fi mọ orin tẹ́ ẹ fẹ́ràn, mi ò ní bú yín, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn dọ́kàn nínú wọn, ẹ wá ojúlówó ẹ̀ rà, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ti ń pàdánù.

Ẹ kú ọgbọ́n mà. Mo gbọ́ pé iná jó àwọn téèpù yẹn ní Amẹ́ríkà. Tí téèpù bá ti jóná, kí ni wọ́n wá ń fi ṣe sídíì?

Ìbéèrè yìí gún mi lọ́kàn. Ọjọ́ kìíní oṣù June 2008 ni iná sọ ní ọgbà Universal ní Hollywood, ilé tí wọ́n kó téèpù sí wà nínú ohun tó jóná. New York Times kọ ọ́ jáde ní 2019 pé téèpù ọ̀pọ̀ olórin lọ níbẹ̀, ti Chess wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ, ilé iṣẹ́ náà ní àdánù ọ̀hún kò tó bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bó ti wù kó rí, kó tó di iná yẹn pàápàá ni téèpù ti ń sọ nù: wọ́n ń fi òmíì gba ohùn míì lé e, wọ́n ń da òmíì nù nígbà tí ilé iṣẹ́ bá kógbá sílé, òmíì sì kàn ń gbó. Téèpù ayé 1950 tí wọ́n fi acetate, irú ike kan, ṣe, tó bá ti pẹ́, á gbẹ, á máa ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ, á sì máa rùn bíi fínígà.

Tí téèpù àkọ́kọ́ ò bá sí, wọ́n á wá ẹ̀dà ẹ̀, bóyá èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ míì nígbà yẹn láti fi tẹ àwo. Tí ìyẹn náà ò bá sí, ó di àwo fúnra ẹ̀, 45 tàbí 78 (èyí tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) tó mọ́ jù tí wọ́n lè rí lọ́wọ́ àwọn tó ń kó àwo jọ. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá abẹ́rẹ́ tó bá ojú ìlà ẹ̀ mu, torí ojú ìlà 78 fẹ̀, abẹ́rẹ́ tiẹ̀ nípọn tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti 45, tẹ́ ẹ bá fi abẹ́rẹ́ kékeré sí i, ìsàlẹ̀ ibi tí ìdọ̀tí wà lá máa wọ́ lọ, ariwo nìkan lẹ máa gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà tó kàn. Ètò kan wà tó ń jẹ́ CEDAR tí wọ́n ṣe ní Cambridge, ó lè mú kàkà-kàkà ojú àwo kúrò ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.

Ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ àwọn kan. Dípò kí wọ́n ṣà á, wọ́n á fọ̀ ọ́ títí awọ á fi bó. Ẹ fetí sí ìparí orin, ibi tó ti ń rọlẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀: tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ jù, ohùn á máa dún bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi, ṣínṣín ìlù onírin á ti di fìfì. Tẹ́ ẹ bá sì wá mú orin Sun, ohun tẹ́ ẹ máa pàdánù tún ju ìyẹn lọ. Sam Phillips ń lo ẹ̀rọ téèpù Ampex méjì, ó ń jẹ́ kí ohùn gba ọ̀dọ̀ ìkejì kọjá kó sì padà wá bá ti àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá tí ò tó nǹkan, òun ló ń mú kí ohùn yẹn máa tẹ̀lé ara ẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, bí ìgbà téèyàn pàtẹ́wọ́ nínú yàrá òfìfo. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹnì kan ló fọwọ́ ara ẹ̀ fi ìyẹn síbẹ̀, tí wọn ò bá ṣọ́ ọ, á kó o mọ́ ìdọ̀tí. Èmi fara mọ́ kí n gbọ́ ṣáá-ṣáá téèpù díẹ̀ lábẹ́ orin kí olórin ṣì máa mí níbẹ̀.

Ṣé àwọn olórin yẹn tàbí ọmọ wọn ń rí nǹkan kan nínú owó sídíì wọ̀nyí?

Àwọn kan ń rí i, kò sì tó. Kọ́ńtíráàtì ìgbà yẹn, owó tó ń kan olórin kéré gan-an, wọ́n tún máa ń yọ owó sítúdíò àti owó àwọn onílù nínú ẹ̀, tó fi jẹ́ pé lórí ìwé, olórin tí àwo ẹ̀ ń tà bí omi ló ń jẹ gbèsè. Ruth Brown, akọrin obìnrin, tà fún Atlantic débi pé wọ́n ń pe ibẹ̀ ní ilé tí Ruth kọ́, síbẹ̀ ó padà wá ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀, ó wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé. Ó bá wọn fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Atlantic tó gbà láti tún ìṣirò ẹ̀ ṣe, inú ìjà yẹn ni Rhythm and Blues Foundation ti jáde ní 1988 láti máa ran àwọn àgbà olórin lọ́wọ́. Owó ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà, wọ́n fọwọ́ bọ̀ ọ́: orin Maybellene tí Chuck Berry kọ ní 1955, wọ́n fi orúkọ Alan Freed tó ń ṣètò rédíò àti ti ẹnì kan tó ń jẹ́ Russ Fratto sí i pé àwọn jọ kọ ọ́ ni, ó di 1986 kí orúkọ Berry nìkan tó dá wà níbẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ sídíì tó ní láísẹ́ǹsì, ó kéré tán ọ̀nà kan wà tí owó lè gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn.

Ẹ káalẹ́ mà. Bàbá mi fi àwo 45 bí ọgọ́ta sílẹ̀, rock 'n' roll ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ti ní púpọ̀ nínú orin náà lórí sídíì báyìí, ìyàwó mi sì ní àyè ò sí mọ́. Ṣé kí n kó wọn dà nù?

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ṣẹ́ ẹ rántí ohun tí mo sọ lókè nípa àwo tó mọ́ tí wọ́n máa ń wá kiri? Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú ọgọ́ta yẹn ni. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà tó wà láàárín àwo kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kékeré tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ wọn rí ni kẹ́ ẹ fi ṣíwájú, torí ti Elvis pọ̀ nílẹ̀, ti àwọn yẹn ló ń ṣọ̀wọ́n. Ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, yanrìn tó wà lójú ẹ̀ lẹ máa fi họ ọ́. Ẹ tò wọ́n lóròó, ẹ má tò wọ́n léra, ẹ fi wọ́n síbi tí oòrùn ò ti ní kàn wọ́n, wọn ò gbà ju àyè àpótí bàtà méjì lọ, ẹ bá mi bẹ ìyàwó. Tẹ́ ẹ bá ti kọ orúkọ wọn tán, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, èmi fúnra mi máa jókòó tì í.